Fàdákà Inú Páìpù

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ ìròyìn, mi ò sì kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ìṣojú mi ló ṣe. Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣì wà láàyè. Bí ẹ bá rò pé mo purọ́, ẹ bi wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi ni ẹnì kìíní. Onífọ́tò ni. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì gbà láti fi fíìmù sílẹ̀. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń gbé. Ibẹ̀ náà ni yàrá òkùnkùn rẹ̀ wà, pẹ̀lú abọ́ méjì. Omi inú abọ́ pupa ló ń yọ àwòrán jáde. Omi inú abọ́ funfun ló ń mú kí àwòrán dúró, kí ìmọ́lẹ̀ má baà pa á. Omi abọ́ funfun yìí a máa bọ́ fàdákà lára fíìmù, òfin ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni dà á sínú páìpù ìdọ̀tí tó jẹ́ ti gbogbo ìlú. Fàdákà a máa pa àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń bá wa wẹ omi náà mọ́ níbi tí gbogbo páìpù ń lọ. Inú kẹ́ẹ̀gì ni ẹ̀gbọ́n mi ń dà á sí. Ọkọ̀ á wá kó o.

Ẹnì kejì ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Wolé-wolé ni. Òun ló ń ṣí ìdérí irin ojú títì, tó ń bu omi páìpù sínú ìgò, kí ìjọba lè mọ ẹni tó da epo, ásíìdì tàbí ọ̀dà síbẹ̀.

Lóṣù kan, fàdákà jáde nínú ìgò tó bù níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Lóṣù kejì, ó tún jáde, ó sì pọ̀ sí i. Bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, títì ni wọn ó ti ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ yìí bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó rán ẹlòmíràn. Ọ̀gá ní òṣìṣẹ́ ò tó.

"Bàbá mi, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ ń dà á síbẹ̀?"

"N kì í dà á."

"Bóyá ẹ gbàgbé ni."

"Ọmọ tí mo ra bàtà ilé-ìwé fún ló wá wọ bàtà òjò dúró lé mi lórí báyìí!"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rín. Mo mọ ohun tó ń dun ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù nìkan. Ọmọ rẹ̀ ti ń wò ó bí òpùrọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọmọ náà po sìmẹ́ǹtì, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dí ẹnu páìpù tó ti ṣọ́ọ̀bù náà jáde, kó lè mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni fàdákà ti ń wá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ẹ̀gbọ́n mi ò fọ ife níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ń sùn. "Ọmọ mi ti sọ mí di aláìnílé," ló ń wí, bó ṣe ń fi ọṣẹ mi ṣòfò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwa mẹ́ta dúró lójú títì. Oòrùn ti yọ. Ọmọ náà gbé ìdérí irin kúrò. Àdúgbò pa rọ́rọ́. N kò gbọ́ ẹyẹ. N kò gbọ́ mọ́tò. Nísàlẹ̀, sìmẹ́ǹtì náà wà níbẹ̀, ó ti gbẹ, ó le koko.

Omi ń kán láti ara rẹ̀.

Tó. Tó. Tó.

"Bàbá mi, ẹ ò lo omi?"

"Bi bàbá kékeré rẹ. Ọṣẹ rẹ̀ ti tán."

"Ó ti tán lóòótọ́," ni mo wí.

Ọmọ náà fi ìgò tó so mọ́ igi gígùn gbe omi náà. Omi ọ̀hún mọ́ gaara. Ó ti pépà àyẹ̀wò bọ̀ ọ́, irú èyí tó máa ń dúdú bí fàdákà bá wà nínú omi. Pépà náà dúdú níbì kan, ó funfun níbì kan. Ó gbé e sún mọ́ ojú.

Etí ni. Etí obìnrin, pẹ̀lú yẹtí róbótó kan.

Ẹ̀gbọ́n mi gba pépà náà.

"Yẹtí ìyá rẹ nìyí."

Ó ti pé ọdún méjìlá tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ fún wa. Ní ọ̀sẹ̀ tí obìnrin náà kú, ó mú fíìmù ìkẹyìn tó fi yà á wọ yàrá òkùnkùn. Ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Abọ́ funfun ló kọ́kọ́ tì í bọ̀. Onífọ́tò tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti pa fíìmù: gbogbo àwòrán á bá fàdákà yọ́ sínú omi, fíìmù á wá mọ́ bíi gíláàsì.

"Inú bí mi," ni ó wí. "Mo da omi náà sí sínǹkì. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo dà á láyé mi nìyẹn. Ìyá rẹ ni mo dà nù."

Ọmọ náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú bàbá rẹ̀. Kò rántí pé ìbọ̀wọ́ rọ́bà ṣì wà lọ́wọ́ òun.

"Ọwọ́ kòtò lo fi nu mí lójú yẹn."

"Ẹ fara dà á."

Ẹ̀gbọ́n mi wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó sì mú pépà fọ́tò kan jáde nínú àpò dúdú. "Tì í bọ omi náà."

"Bàbá mi, ẹ̀rí ni omi yìí. Ó di dandan kí n gbé e lọ."

"Gbé e lọ. Kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ tì í bọ̀ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí, "oòrùn á pa pépà yẹn."

"Jẹ́ kó pa á."

Kò pa á. Bí ọmọ náà ṣe tì í bọ omi náà, àwòrán yọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ti inú kùrukùru bọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó dúró. Ó ń rín ẹ̀rín tó máa ń rín nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ń da ara rẹ̀ láàmú lásán. Irun rẹ̀ funfun báláú.

Nígbà tí a sin ín, ewú kan ò sí lórí rẹ̀.

"Ó ti dàgbà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí níkẹyìn. "Ó ti dàgbà bíi tèmi."

Ọmọ náà kọ ohun tó rí gẹ́gẹ́ bó ṣe rí i: fàdákà wà nínú omi, òun lòun dí páìpù, òun ò mọ ibi tó ti wá. Ó gbé ìgò lọ. Nígbà tí èsì yóò fi dé, wọ́n ní kò sí fàdákà kankan níbẹ̀, pé omi náà mọ́ ju omi ẹ̀rọ lọ. Wọn ò ti ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà fọ́ sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kúrò, ó sì kúnlẹ̀ bẹ bàbá rẹ̀.

"Dìde, jàre," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Bàbá kékeré rẹ ni kó o bẹ̀, kó o sì ra ọṣẹ dání."

Àwòrán náà wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù báyìí, nínú oòrùn. Omi abọ́ funfun ò kàn án. Ó yẹ kó ti dúdú tipẹ́. Kò dúdú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú awò tó ń sọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ di ńlá, mo wò ó fínnífínní. Gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀bù wà lẹ́yìn obìnrin náà. Àwọn mẹ́ta hàn nínú gíláàsì ọ̀hún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá kòtò tó ṣí. Ọ̀kan wọ bàtà òjò. Ọ̀kan dé fìlà mi. Àárín àwa àti ṣọ́ọ̀bù ni obìnrin náà dúró sí, ó kọjú sí wa.

Kò sì sí ẹni tó mú kámẹ́rà dání níbẹ̀.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi ti dúró tì mí.

"O ti rí i."

"Mo rí i. Ta ló yà á?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀ títí.

"Èmi kọ́," ni ó wí. "Ọwọ́ mi ò dáa tó báyẹn rí."