Ta Ló Ń Jẹ Agbára Ẹ̀rọ Màdáámù Oyèbọ́lá?

Ẹni tó bá ti tẹ̀wé rí ní Agbowó lọ́dún 1998 yóò mọ irú ṣọ́ọ̀bù tí Màdáámù Oyèbọ́lá ní. Kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti bẹ́ǹṣì gígùn kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó sí. Bí o bá gbé iṣẹ́ wá, Màdáámù yóò kọ́kọ́ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, yóò gbọ̀n ọ́n díẹ̀, yóò ní, "Èyí wúwo o. Yóò pa ẹ̀rọ mi." Kì í sì í jẹ́ kí iṣẹ́ oníbàárà sùn sínú ẹ̀rọ, kí ẹrù má baà pọ̀ jù fún un. Inú dísíkẹ́ẹ̀tì, pẹlẹbẹ kékeré tí a fi ń kó iṣẹ́ pamọ́, tí oníṣẹ́ bá mú wá ni gbogbo rẹ̀ ń gbé.

Iṣẹ́ Olúwadáre ló wúwo jù. Tíṣà ni ní Ìgbòho, ọdún kẹrin sì rèé tó ti ń lọ tó ń bọ̀ nítorí oyè kejì. Ó ti fẹsẹ̀ rìn dé ìdí kànga mẹ́tàlélógójì, ó fi okùn wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó, ó sì ya àwòrán gbogbo wọn. Yunifásítì ti kọ̀wé sí i pé bí iṣẹ́ náà kò bá dé ọ́fíìsì ní aago mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, kí ó máa lọ sílé. Kò sí àfikún ọjọ́ mọ́.

Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ ló ti jókòó ti Kùdírátù, ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé fún Màdáámù. Àtúnṣe ráńpẹ́ ló kù, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń wọ́ bí ìgbín. Kùdírátù á tẹ lẹ́tà kan, á káwọ́ gbera, kí lẹ́tà náà tó yọjú.

"Màdáámù, ẹ̀rọ yìí ò ṣe é lò mọ́ o."

"Ṣé mi ò sọ? Àwòrán kànga yẹn ni. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wọ́n kúrò."

"Màdáámù, kànga yẹn gan-an ni iṣẹ́ mi."

"Èwo lẹ fẹ́? Kí ẹ yọ kànga, àbí kí ẹ má rí nǹkan kan gbé lọ?"

Olúwadáre gbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni Kùdírátù ń kó àwòrán sínú dísíkẹ́ẹ̀tì kejì, tó ń pa á rẹ́ nínú iṣẹ́. Inú ọkùnrin náà bàjẹ́ gidigidi, ó ń dárúkọ abúlé tí kànga kọ̀ọ̀kan wà bó ṣe ń lọ. Aago kan ti kọjá kí wọ́n tó parí. Ẹ̀rọ ò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní igun ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, àwòrán bèbí kékeré kan ń jó. Àbúrò Màdáámù ló fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà Kérésìmesì, láti kí i kú ọdún. Oṣù Keje la wà yìí, bèbí ò tíì sinmi. Kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni ohun tí kò ju àtàǹpàkò lọ fẹ́ jẹ?

Nígbà tí aago mẹ́ta ku díẹ̀, Kùdírátù ní kí ẹ̀rọ kó iṣẹ́ náà pamọ́ sínú dísíkẹ́ẹ̀tì. Iná kékeré tó wà lẹ́nu ihò dísíkẹ́ẹ̀tì ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú, kíkó náà ò tán. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ogún kọjá.

"Ẹ̀rọ ti kú," Màdáámù ní. "Ẹ jẹ́ n pa á, n tún un tàn."

"Màdáámù, ẹ má ṣe é!" Kùdírátù pariwo. Màdáámù ti fa wáyà yọ lára ògiri.

Nígbà tí ẹ̀rọ jí, dísíkẹ́ẹ̀tì ò mọ nǹkan kan mọ́. Láti ojú ewé kìíní dé ìgbẹ̀yìn, kò sí ọ̀kankan.

Eré ni Kùdírátù sá kọjá títì lọ pe Akínsànyà, tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà nínú ọgbà yunifásítì. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú nígbà tí wọ́n dé, Kùdírátù sì ti ro gbogbo ọ̀rọ̀ fún un lọ́nà. Ó gbìyànjú dísíkẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ó ti bàjẹ́." Ó yíjú sí Màdáámù. "Kí lẹ rí tẹ́ẹ fi ní iṣẹ́ wọn ló ń dá ẹ̀rọ dúró?"

"Ó wúwo ni."

"Kí lẹ fi wọ̀n ọ́n?"

Màdáámù wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Akínsànyà tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta papọ̀, Ctrl, Alt àti Delete, ó yan ọ̀kan nínú ohun tó yọ, orúkọ sì tò lọ bẹẹrẹ. "Gbogbo ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ yìí rèé. Iye agbára tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ká ní ọgọ́rùn-ún ni gbogbo agbára ẹ̀rọ, ẹ wo èyí, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún."

"Kí nìyẹn?"

"Bèbí yín ni."

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ti ilé Màdáámù ló ń jẹun, àlejò ni wọ́n ń fura sí.

Akínsànyà dá bèbí dúró. Ó ti dísíkẹ́ẹ̀tì kejì bọ̀ ọ́, ó ṣí kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì. Gbogbo wọn yọ kíá.

"Èló ni tèmi ń jẹ?" Olúwadáre béèrè.

"Òdo, ẹ̀gbọ́n."

Màdáámù kúnlẹ̀. "Tíṣà, ẹ dárí jì mí. Ọ̀fẹ́ ni màá fi tún un tẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ fi tẹ̀ ẹ́, Màdáámù."

Aago mẹ́rin lù bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ní ọ́fíìsì, bí ẹ̀rọ bá ń fà, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n, ẹ má sì fọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ orúkọ yẹn, kí ẹ wo èyí tó ń jẹ agbára àti èyí tó ń gba ààyè ìrántí ẹ̀rọ. Ẹ ní sùúrù wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí òmíràn a máa jẹun lójijì, a sì tún dákẹ́. Orúkọ tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó dá a dúró, torí àwọn kan wà tí ẹ̀rọ ò lè ṣe láìsí wọn. Ẹ má fa wáyà yọ nígbà tí iná dísíkẹ́ẹ̀tì bá ń ṣẹ́jú. Ẹ sì jẹ́ kí iṣẹ́ yín máa wà níbi méjì. Kí ẹ tó dẹ́bi fún iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ẹ rántí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Kùdírátù ń wo orúkọ wọ̀nyẹn láràárọ̀ báyìí, kó tó tẹ lẹ́tà kan. Dísíkẹ́ẹ̀tì kànga ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Màdáámù. Olúwadáre ò tíì wá gbà á.