Ẹni Tí Kò Kúnlẹ̀ Gba Ìre

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 2019, ìyàwó mi, Morìnsọ́lá, kú ní Lomé. Ibà ló pa á. Kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Tokoin, ní Lomé, ni mo ti kọ́kọ́ rí i, ní ọdún 1991. Pásítọ̀ ní kí gbogbo wa kúnlẹ̀ gbàdúrà. Obìnrin kan ṣoṣo ló nàró láàárín wa bí igi àgbọn. Mo rò pé agbéraga ni. Nígbà tí a jáde, mo bi í pé kí ló dé tí kò kúnlẹ̀.

"‘Bonjour’ la kọ́kọ́ ń wí, bùrọ̀dá," ó ní. "Irin wà lẹ́yìn mi. Bí ẹ bá ń wá ohun tó ń tẹ̀, ẹ lọ ra ọ̀pá ìpẹja."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi kì í tètè rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Àgbọn mi.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọ́ láti kékeré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní ilẹ̀ Faransé ló mú un lọ ṣe iṣẹ́ abẹ nígbà tó ti dàgbà. Wọ́n fi irin na eegun ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì bu eegun díẹ̀ ní ìbàdí rẹ̀ lé e, kí gbogbo rẹ̀ lè so di ọ̀kan. Irin kàn ń dì í mú ni títí yóò fi so. Wọ́n kìlọ̀ fún un kó má tẹríba, kó má gbẹ́rù.

Ìyá mi, Àṣàbí, ti pẹ́ ní Lomé, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ kò kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí mo mú Morìnsọ́lá lọ kí i ní ilé rẹ̀ ní Kpogan, ó dúró kí i. Ìyá mi wo ilẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, bí ẹni tó ń wá ohun tó jábọ́.

"Ẹni tí kò lè kúnlẹ̀ kí mi kò lè ṣe ìyàwó ilé mi," ó ní.

Mo sọ fún Morìnsọ́lá pé èmi ni mo fẹ́ ẹ, kì í ṣe ìyá mi. Ó ní òun kò ní wọ ilé tí ìyá kò ti súre fún òun. Láti ìgbà náà, bó bá ti dé Kpogan, á kúnlẹ̀, á tẹríba títí iwájú orí rẹ̀ fi súnmọ́ ilẹ̀. Ẹsẹ̀ àga ló máa ń dì mú kó tó lè dìde. Mo ní kó má ṣe é mọ́. Ó tún ń kúnlẹ̀. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ fún un.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1992, ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú, ìlú pa lọ́lọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, bó ṣe kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ohun kan dún nínú ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá mi gbọ́ ọ lórí àga tó jókòó sí. Fọ́tò eegun tí wọ́n yà ní ilé ìwòsàn fi hàn pé irin ti kán sí méjì. Eegun náà kò so rárá. Dókítà ní kì í ṣe ìkúnlẹ̀ ló fà á. Eegun àgbàlagbà mìíràn kàn kì í so, á sì rẹ irin, á kán. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe é nígbà yẹn?

Ìyá mi kò gba ti dókítà gbọ́.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1993, ìbọn àwọn sójà dún, ìlú tú. A bá èrò gba ọ̀nà Aného dé Kutọnu. Ní àgbàlá àbúrò ìyá mi níbẹ̀ la ti ṣe ìgbéyàwó. Ó kan ìgbà tí ìyàwó yóò kúnlẹ̀ gba ìre. Morìnsọ́lá di èjìká mi mú, ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òógùn bo ojú rẹ̀.

"Dúró," ìyá mi wí.

Àgbà kan ní, "Àṣàbí, àṣà ńkọ́?"

"Àṣà ni kí ọwọ́ ìyá dé orí ọmọ. Ẹ gbé àpótí wá."

Ènìyàn kúkúrú ni ìyá mi. Ó gun àpótí ìdáná, mo dì í mú kó má ṣubú, ó sì gbé ọwọ́ lé orí ìyàwó mi tó dúró ṣánṣán. Ìre náà pẹ́. Orí mi wú lọ́jọ́ náà, kò sì tíì rọlẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí ìlú tòrò, Morìnsọ́lá padà sí Faransé, wọ́n tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, eegun so.

Ohun tó fi sílẹ̀ nìyí: ìgbálẹ̀ tí mo so mọ́ igi gígùn kó má baà tẹ̀ bó bá ń gbálẹ̀; bàtà tí kò ní okùn; irin tó kán, nínú agolo mílíìkì; àpótí náà; ọmọ wa, Títí, tó ga bíi tirẹ̀; èmi; àti ìyá mi, tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, tó ṣì ń fi ọ̀pá dìde dúró nígbàkígbà tí a bá dárúkọ Morìnsọ́lá.