Ẹ Wo Orókún Ṣòkòtò Wọn

Ẹ̀yin òbí tó ń wá ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún ọmọ, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé la fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ aránṣọ la máa gbà débẹ̀.

Àpínkẹ́ ará Ṣábẹ̀ ni aránṣọ náà. Abẹ́ igi máńgòrò kan ní Titirou, nílùú Parakou, ló ń gbé maṣíìnì rẹ̀ sí. Ọdún kẹfà tí Dàhòmè, tí à ń pè ní Benin báyìí, gba òmìnira la wà yìí. Háà, Parakou ayé ìgbà yẹn! Bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè, a ò tún wo aago mọ́. Èèyàn á bu iná nínú ààrò aládùúgbò láìtọrọ. Ọmọ tó bá sì yege nínú ìdánwò, gbogbo àdúgbò ló bí i. Ayé yẹn mà dùn o!

Adéwùmí, àkọ́bí Àpínkẹ́, ti yege. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹranko igbó ló ní òun fẹ́ kọ́, kí erin àti ẹfọ̀n tó kù lápá òkè má baà parun. Kò yà wọ́n lẹ́nu. Láti kékeré, bó bá rí ipa ẹsẹ̀ ẹtu, yóò lóṣòó tì í títí ọbẹ̀ á fi tutù sílé.

Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló wà níwájú wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti ìjọba, owó rẹ̀ ò tó nǹkan, àmọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò àbáwọlé. Èkejì wà ní Kutọnu, owó gọbọi. Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé, ẹni tó ń so táì mọ́rùn nínú oòrùn Parakou, ló ń bá wọn wá akẹ́kọ̀ọ́ kiri. Ọjọ́ Ẹtì kan náà ni àyè méjèèjì máa tì.

Fákúnlé gbé fọ́tò kan lé orí maṣíìnì. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjìlá ló wà níbẹ̀, aṣọ funfun nigín-nigín, orí kìnnìún lára ògiri lẹ́yìn wọn.

"Màdáàmù, ibi tí àwọn ọ̀gá ti ń jáde nìyí. Àbí ẹ fẹ́ kí ọmọ yín wọ kákí, kó máa gbé àdá kiri nílé-ẹ̀kọ́ olówó pọ́ọ́kú yẹn?"

Ojú egbò Ọlágbénró, ọkọ Àpínkẹ́, ló tẹ̀ yẹn. Láyé àwọn Faransé, àwọn oníkákí ló fipá mú bàbá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ojú irin, bàbá náà ò sì bọ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, kákí ò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlágbénró. Èyí tí àwọn oníbàárà bá gbé wá fún ìyàwó rẹ̀, abẹ́ igi ló ń pin sí.

"Ìyá Adéwùmí, ọmọ mi ò ní wọ kákí," ó ní. "Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á."

"Níbo la ti fẹ́ rówó ọbẹ̀ náà?"

Maṣíìnì ni Ọlágbénró ń wò. Maṣíìnì yìí ni ìyá Àpínkẹ́ fi sìn ín wá sílé ọkọ, òun ló sì fi ń bọ́ ọmọ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nítorí ọmọ, ó wá ẹni tó máa rà á ní àdúgbò Zongo. Ẹni náà ní òun á wá gbé e lọ́jọ́ Ẹtì.

Lọ́jọ́bọ̀, ó ń sáré parí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Sàrúmì, ẹ̀ṣọ́ igbó tó ń gbé ní Ladjifarani, wá gba ṣòkòtò rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kúuṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́dún yìí tí mò ń lẹ orókún yìí. Ṣé orókún lẹ fi ń rìn ni?"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ń wo ipa ẹsẹ̀ ẹranko lóòró? A ó kúnlẹ̀ ni, a ó fọwọ́ wọ̀n ọ́n, ká tó mọ ìgbà tó kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí orókún ṣòkòtò rẹ̀ ò bá ya, inú ìwé nìkan ló ti ń rí ẹranko."

Ọwọ́ Àpínkẹ́ dúró lórí maṣíìnì. Ó fa fọ́tò Fákúnlé yọ. Orókún mẹ́rìnlélógún, kò sí ọ̀kan tí wọ́n lẹ̀, kò tiẹ̀ sí èyí tó rún.

"Ẹ gbà mí, Bàbá. Ọ̀la ni mo fẹ́ ta maṣíìnì mi nítorí ibí yìí."

Bàbá Sàrúmì wo fọ́tò náà pẹ́. "Mi ò mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, mi ò sì ní bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n bi wọ́n léèrè: oṣù mélòó ni àwọn ọmọ ń lò nínú igbó? Ta ló ti jáde níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, kí o kọ̀wé sí i? Ṣé ìjọba mọ ìwé ẹ̀rí wọn? Èló ni gbogbo owó rẹ̀ títí dópin, toúnjẹ tibùsùn?"

"Ti ìjọba ńkọ́?"

"Ìbéèrè kan náà ni kí o lọ bi wọ́n. Má torí tèmi gbà wọ́n gbọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Fákúnlé dé. Lójú ọkọ rẹ̀, Àpínkẹ́ bi í pé oṣù mélòó ni àwọn ọmọ ń lò nínú igbó.

"Igbó kẹ̀?" Fákúnlé ní. "Inú kíláàsì la ti ń kọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ igbó, owó rẹ̀ lọ́tọ̀."

"Ẹ dárúkọ ẹnì kan tó ti jáde níbẹ̀."

"Wọ́n ti lọ Faransé."

"Gbogbo wọn pátá?"

Fákúnlé ń nu òógùn. Ọlágbénró mú fọ́tò náà, ó dá a padà fún un. "Ó dàbọ̀, ọ̀rẹ́."

Ṣùgbọ́n Ọlágbénró ò tújú ká. "Ìyá Adéwùmí, kákí yẹn ṣì ń dùn mí."

"Mo mọ̀, Bàbá Adéwùmí. Kákí ìjọ́sí, wọ́n fi mú bàbá yín tipátipá ni. Èyí, ọmọ yín ló fẹ́ ẹ, èmi ni màá sì rán an."

Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó dìde, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, níbi tí wọ́n ti ń gba orúkọ fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ó bi wọ́n ní gbogbo ìbéèrè náà. Wọ́n dáhùn, wọ́n kọ iye owó sílẹ̀ fún un, wọ́n dárúkọ àwọn tó ti jáde. Wọ́n fi orúkọ Adéwùmí sílẹ̀ fún ìdánwò àbáwọlé kí oòrùn tó kan àtàrí. Àpínkẹ́ sì dá ará Zongo padà lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀yin èèyàn wa, fọ́tò kì í kọ́ọ̀yàn níṣẹ́. Owó ńlá ò sọ ilé-ẹ̀kọ́ di rere, owó kékeré ò sì sọ ọ́ di yẹpẹrẹ. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ kan iṣẹ́, ẹ wá àwọn tó ti jáde, ẹ rí i pé ìjọba mọ ìwé ẹ̀rí wọn, ẹ gba iye owó rẹ̀ ní kíkọ kí ẹ tó ta ohun tó ń bọ́ yín. Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ẹ má ṣojúsàájú.

Wọ́n ti gé igi máńgòrò yẹn báyìí, ọkọ̀ ojú irin ò sì fọn fèrè bíi tìgbà yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní Titirou nígbà náà ṣì rántí bí Adéwùmí ṣe yege nínú ìdánwò àbáwọlé, àti ìsinmi àkọ́kọ́ tó wálé. Orókún ṣòkòtò kákí rẹ̀ méjèèjì ti ya. Ọlágbénró ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kákí náà wọlé.