Wọ́n Ń Pè É Ní Fítámì

Ìdí ẹ̀gẹ́ ni Hàwáù àti Fatihah ọmọ rẹ̀ jókòó sí ní Ilora, wọ́n ń bó o fún gàrí. Ìyá Zàíd, tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi Fatihah ṣaya, yà kí wọn.

"Ìyàwó mi, ọwọ́ rẹ ò yá lónìí. Àbí ọ̀rọ̀ Zàíd lò ń rò?"

Fatihah rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ló bá ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ká jọ.

"Màmá, inú mi! Ó ń gún mi gba ẹ̀yìn yọ."

Kí wọ́n tó bu omi dé, ó ti ń bì.

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni," Hàwáù ní. "Ṣúgà tó fi ń mu gàrí ti pọ̀ jù."

Ó fún un lágbo. Èébì ò dá. Àwọn ìyá méjèèjì bá gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà Olúṣínà bi wọ́n pé, "Màmá, ǹjẹ́ oògùn kankan wà tó ń lò?"

Hàwáù wo ojú Ìyá Zàíd. Láti kékeré ni wárápá ti ń ṣe Fatihah, àràárọ̀ ló sì ń lo oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n fítámì ni wọ́n ń pè é nílé, kí aráàlú má baà gbọ́.

"Fítámì nìkan ni, dókítà."

Ìyá Zàíd wolẹ̀.

Oògùn ọgbẹ́ inú ni wọ́n fún un. Wọ́n ní bí inú náà ò bá rọ̀, kí wọ́n tètè padà. Hàwáù dúró kó rọ̀. Láràárọ̀, á ní, "Lo fítámì rẹ, ọmọ mi." Fatihah á lò ó, á tún bì.

Nígbà tí wọ́n fi gbé e padà, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù. Hàwáù tú etí ìró, ó yọ páálí oògùn.

"Dókítà, ẹ dákun. Fítámì náà rèé."

Dókítà kà á, ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, oògùn wárápá gidi nìyí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lára àwọn kan, kì í wọ́pọ̀, ó lè mú kí ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn ikùn, tó ń pèsè omi tó ń da oúnjẹ, wú kó sì máa jẹ ara rẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ǹ bá ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀."

Fatihah ò rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Hàwáù àti Ìyá Zàíd jókòó ti ẹ̀gẹ́ tó ti rà.

"Torí kí ẹ má baà kọ ọmọ mi ni, Ìyá Zàíd."

"Mo ti mọ̀ tipẹ́. Fatihah fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún Zàíd. A ní a ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ mọ̀? Ẹ sì gbọ́ nígbà tí mo ní fítámì?"

"Mo gbọ́. Mo ní kí n má dójú tì yín lójú dókítà."



Ẹ̀yin ará Ilora, ẹ̀yin ará Fìdítì, ẹ jọ̀ọ́. Bí inú bá ń run ẹni tó ń lo oògùn wárápá, tí ìrora náà le, tó gba ẹ̀yìn, tó sì ń bì, ẹ má fi àgbo dán an wò. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú oògùn rẹ̀ dání. Ẹ má sì torí ìtàn yìí dá oògùn dúró fúnra yín o. Wárápá tí a kò tọ́jú náà ń pani. Dókítà ló mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀.

Bí dókítà bá sì bi yín léèrè, tí ojú ń tì yín, ẹ ní kí àwọn tó kù jáde ná. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pe oògùn náà lórúkọ.