Ta Ló Rán Ọ Wá?

"Ta ló rán ọ wá?"

Ìbéèrè tí Ìyáàfin Geraghty fi kí Ikram káàbọ̀ nìyẹn. Arúgbó òyìnbó yìí ló ń ta tíì nínú ilé àtijọ́ kan ní ọgbà ìgbafẹ́ etí òkun ní ìlú Dún Laoghaire, ní Ireland. Òrùlé ilé náà ga ṣóńṣó, pákó tí wọ́n gbẹ́ ní iṣẹ́ ọnà sì yí etí rẹ̀ ká, bíi ti àwọn ilé orí òkè ní Switzerland.

"Tíṣà wa ni, mà," Ikram dáhùn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, àdúgbò tó ń jẹ́ Tallaght ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. "Wọ́n ní ká kọ ìtàn ilé àtijọ́ kan. Ọjọ́ Ajé la máa fún wọn, ó wà lára máàkì ìdánwò wa."

Arúgbó náà wò ó tòkè tilẹ̀. Lásìkò yẹn, owó ti dé Ireland, kò sí ilé àtijọ́ tí àwọn olówó ò fẹ́ wó kí wọ́n fi kọ́ fúláàtì. Síbẹ̀, ó ní kí Ikram jókòó. Ó gbé kéèkì fún un, ó sì sọ fún un pé ọmọ ọba ilẹ̀ òkèèrè kan ni wọ́n kọ́ ilé náà fún, òkun ló sì gbé e lọ kó tó sun ibẹ̀ rárá.

Ikram ń kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kéèkì ló ń wò. Láàárọ̀ ni ìyá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé, "Ìfura loògùn àgbà o. O ò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tí o ò mọ̀." Kí ló dé tí obìnrin tí kò mọ òun rí ń ṣe òun lálejò tó báyìí? Bẹ́ẹ̀, ìyá kan náà ló kọ́ ọ pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í kọ ohun tí àgbà bá fún un. Ó dúpẹ́, ó ní òun fẹ́ wo òrùlé níta, ó sì gbé àwo dání. Àwọn ẹyẹ òkun ló gbádùn kéèkì náà.

"Ṣé ó dùn?" ni arúgbó náà bi í nígbà tó dá àwo padà.

"It was grand, thanks," ni Ikram fèsì, pé ó dùn gan-an.

Ìyáàfin Geraghty wo ojú fèrèsé, ó rí àwọn ẹyẹ tó ń jà lórí èérún kéèkì. Ó gba àwo, ó sì lọ fọ̀ ọ́. Ojú gba Ikram tì.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ìtàn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn lè máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ó dùn ún pé òun purọ́ lójú àgbà. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sì padà.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò jẹ kéèkì yẹn. Ẹ̀rù yín ló bà mí."

Arúgbó náà fa àga, ó jókòó. "Ẹ̀rù tìrẹ náà bà mí. Mo rò pé àwọn tó fẹ́ wó ilé yìí ló rán ọ wá. Kò sí ọmọ ọba kankan níbí rí. Irọ́ ni mo pa fún ọ, kí wọ́n má baà lè wó o."

Ikram wo ohun tó ti kọ sínú ìwé rẹ̀. Ohun tí ì bá fún tíṣà nìyẹn.

"Bàbá mi ló ń ṣọ́ ọgbà yìí láyé àtijọ́," ni Ìyáàfin Geraghty wí. "Yàrá òkè yẹn ni wọ́n bí mi sí. Ibi tí o jókòó sí lẹ́ẹ̀kan ni ìyá mi ti ń dáná. Kọ ìyẹn sílẹ̀."

Ikram fa ojú ìwé àkọ́kọ́ ya, ó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́tun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa fura, kò burú. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ pé ẹ ò fẹ́, ẹ má fi irọ́ bò ó. Òótọ́ tí Ikram sọ ló gba òótọ́ lẹ́nu arúgbó náà.