Ológbò tí Kò Gbọ́ "Jẹun"

Ọjọ́ tí ológbò karùn-ún wọ ilé Ìyá Dammy ní Festac, àwọn mẹ́rin tó ti wà ńlẹ̀ kò bá a jà. Ohun tó kọ́kọ́ ṣàjèjì nìyẹn, nítorí oníjà paraku ni wọ́n, olójúkòkòrò sì ni wọ́n. Wọ́n kúrò nídìí abọ́ ẹja wọn, wọ́n lọ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n dákẹ́.

Jesse, mẹkáníìkì kan ní Trade Fair, ló gbé e wá. Abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ló ti fà á yọ. Irun imú rẹ̀ ti funfun, egungun ìhà rẹ̀ sì ṣeé kà.

"Mọ́mì, ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbà á," ni Jesse wí. "Tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní àjẹ́ ni, wọ́n á lù ú pa."

Àánú ṣe Ìyá Dammy. Opó ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lọ ilé ọkọ. Ológbò ló kù tó ń bá sọ̀rọ̀.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, àlejò yìí kò fẹnu kan nǹkan. Ìyá Dammy gbé ẹja fún un, ó gbé wàrà.

"Jẹun. Ṣé o fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni?"

Ṣe ni ológbò á kàn gbójú sókè wò ó, bí ẹni tí wọ́n rí fín. Ara rẹ̀ ti ń tutù. Ìyá Dammy mọ̀ pé tí kò bá jẹun lónìí, kò ní rí ọ̀la. Ó dùn ún ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì fẹ́ ronú kan ìdí rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta yẹn, Bàbá Ògúndípẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà bá a nídìí ìrẹsì.

"Ẹ wá jẹun," ni Ìyá Dammy wí, bí a ti máa ń wí.

Ológbò ló dìde. Ó ń gbọ̀n bó ṣe ń rìn lọ sídìí abọ́ ẹja. Ó dúró, ó wo obìnrin náà.

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "Tún un sọ."

"Jẹun."

Ológbò kò mira.

"Rárá. Bí o ṣe sọ ọ́ fún mi."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Dammy. Yàrá ẹ̀yìn ló wá sí i lọ́kàn, níbi tí ìyá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí lọ́dún tó lò kẹ́yìn láyé. Arúgbó náà ti ń ṣarán nígbà náà, agara sì ti dá ìyàwó. Lọ́jọ́ kan ó ti abọ́ sí i: "Jẹun, tàbí kí o fi sílẹ̀." Ó pe ìyá ọkọ ní "o". Màmá wò ó, wọ́n kọjú sí ògiri, wọn ò sì jẹun mọ́ títí wọ́n fi kú lọ́jọ́ kẹrin. Ìyá Dammy kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ rí, kò sọ ọ́ fún pásítọ̀.

Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ jẹun. Ẹ dárí jì mí. Ó rẹ̀ mí ni, mo sì ṣìwà hù sí yín."

Ológbò tẹrí sí abọ́, ó jẹun, ó jẹ ẹ́ tán.

"O ṣé, ìyàwó mi."

Ohùn arúgbó ni, ó rọlẹ̀, nítòsí abọ́ ló sì ti wá. Bàbá Ògúndípẹ̀ fẹ̀yìn rìn jáde, kò dúró wọ bàtà.

Ìyá Dammy kò dìde. Ẹ̀rù ń bà á gan-an, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n àgbà ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dáhùn.

"Kò tọ́pẹ́, mà."