Ìpolówó Tí Kò Rí Elégbè

Imú ni Ginevra kọ́kọ́ fọwọ́ dí nígbà tí òun àti Melina wọ ọjà Ballarò. "Ẹ gbà mí o! Ṣé èèyàn ló ń jẹ ohun tó ń rùn báyìí?"

Melina rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ dí imú tirẹ̀ náà. Ẹlẹ́tàn! Inú òórùn ẹja yẹn ló dàgbà sí. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ló máa ń dúró ti Cosimo, bàbá ìyá rẹ̀, nídìí àtẹ ẹja onídà, ẹja ńlá tí ẹnu rẹ̀ gùn bí idà. Ọ̀fun bàbá ti ń dùn ún, ìdajì ìpolówó ló kù tó lè ké. Bàbá á lé e pé, "Ẹja onídà, níbo lò ń rè o?" Melina á gbè é pé, "Ìkòkò ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé!" Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ya wá rà. Àmọ́ láti ìgbà tó ti bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ olówó ló ti ń sọ fún Ginevra, ọmọ kíláàsì rẹ̀, pé agbẹjọ́rò ni bàbá àgbà òun.

Cosimo tajú kán rí i láàárín èrò. Inú rẹ̀ dùn, ó gbóhùn sókè:

"Ẹja onídà, níbo lò ń rè o?"

Melina gbójú sókè, ó ń wo aṣọ tí wọ́n sá sójú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó gbè é. Bàbá tún ké e.

"Ó ń rè sẹ́nu ológbò!" Pina tó ń ta ẹja ní ọ̀kánkán ló dáhùn. "Ọ̀gá Cosimo, ẹ lọ sùn o jàre!"

Ẹ̀rín ta. Ginevra yíjú sí Melina. "Bàbá ẹlẹ́ja yẹn ń nawọ́ sí ẹ. Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

"Èmi kẹ̀? Ó jọ pé orí rẹ̀ ò pé."

Cosimo gbọ́. Ó fẹ́ parí ìpolówó náà fúnra rẹ̀, ikọ́ ò jẹ́. Àwọn oníbàárà yà sọ́dọ̀ Pina. Nígbà tó fi di ọ̀sán, yìnyín tó fi tẹ́ ẹja ti yọ́, ẹja ti rọ̀ sórí àtẹ.

Mọ́tò ìyá Ginevra dé. Melina na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Wọ bọ́ọ̀sì, jọ̀ọ́," ni Ginevra wí. "Òórùn ẹja ti mọ́ ẹ lára."

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀tẹ́ bẹ́ẹ̀. Melina fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ padà sídìí àtẹ.

"Màdáámú, kí lẹ fẹ́ rà?" Cosimo ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. "Ẹ má sún mọ́ mi o. Orí mi ò pé."

"Bàbá àgbà, ẹ má bínú."

"Mo ti rí ẹni tí á máa bá mi gbè é. Ọmọ ẹni tó ń ta ólífì ni. Kì í ṣe ọmọ mi, àmọ́ kò tijú mi."

Ó yé Melina wàyí. Ó sẹ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ kó lè tẹ́ ẹni tí kò kà á sí lọ́rùn, àwọn méjèèjì sì ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Omijé dà lójú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú omi ẹja.

"Bàbá àgbà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n máa gbé yìnyín fún yín."